Ráàkì wo ló bá láàbù nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé yín mu?

Ráàkì ni férémù tàbí àpótí irin tí a ń to ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí; U ni a fi ń ka gíga rẹ̀, U kan fún àyè kan. Kábínẹ́ẹ̀tì (ráàkì onílẹ̀kùn) U 6 tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri ni mo kọ́kọ́ rà fún láàbù mi ní Ìbàdàn. Ilẹ̀kùn gíláàsì ló ní, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì àti fáànù kékeré méjì lórí. Mo ti ka àyè inú rẹ̀, mo ti ka ẹ̀rọ mi: àyè mẹ́fà fún ẹ̀rọ mẹ́rin, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Àfi ìgbà tí mo gbé ráútà Cisco 2901 (ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan mọ́ òmíràn) sí i ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ráútà náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà 44 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kábínẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ 45, ṣùgbọ́n láti ìta dé ìta ni 45 yẹn. Tí ẹ bá yọ ilẹ̀kùn, tí ẹ sì yọ àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti irin tí à ń de ẹ̀rọ mọ́, èyí tó kù nínú ò tó 40. Ẹ̀rọ náà yọ orí síta bí ìgbín, ilẹ̀kùn ò ṣeé pa dé mọ́. Ẹni tó tà á fún mi ò gbà á padà.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ráàkì wo ni kí òun rà, jíjìn ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ̀rọ wo ló jìn jù nínú èyí tí ẹ ní, àti nínú èyí tí ẹ ń gbèrò láti rà? Ìdáhùn yẹn nìkan ti tó láti yọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà kúrò lójú yín. Iye U, àwọ̀, ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn ń tò sí.

## Ohun tí gbogbo wọn fi jọra

Ráàkì tí gbogbo ayé ń lò, oníńṣì 19 ni. Ìdí iṣẹ́ tẹlifóònù ló ti wá. AT&T ti Amẹ́ríkà ló fi ìwọ̀n náà lélẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1922, òun náà la sì ń lò dòní lábẹ́ ìlànà tí wọ́n ń pè ní EIA-310. Íńṣì 19 yẹn, tí í ṣe mílímítà 482.6, fífẹ̀ ojú ẹ̀rọ ni, pẹ̀lú etí irin méjèèjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì gbọ́dọ̀ tó mílímítà 450 ó kéré tán, kí ara ẹ̀rọ lè gba ibẹ̀ kọjá. Láti àárín ihò ọ̀tún dé àárín ihò òsì, mílímítà 465 ni.

U kan jẹ́ mílímítà 44.45, ihò mẹ́ta-mẹ́ta ló sì wà fún U kọ̀ọ̀kan. Àwọn ihò náà ò jìnnà síra bákan náà o. Nínú U kan, mílímítà 15.9 ló wà láàárín ihò sí ihò. Láti ihò tó kẹ́yìn nínú U kan dé ihò àkọ́kọ́ nínú èyí tó tẹ̀ lé e, 12.7 ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a óò padà sí i níbi ọ̀rọ̀ wẹ́dà.

Nínú gbogbo ìwọ̀n tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí ti jíjìn. Ìdí nìyẹn tí ráàkì méjì fi lè jẹ́ U 12 bákan náà, kí ọ̀kan jìn ní sẹ̀ǹtímítà 45, kí èkejì jìn ní 100, kí olùtajà sì pe àwọn méjèèjì ní “U 12” láìparọ́.

Ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ jù nínú tòkunbọ̀. Súwíìṣì Cisco 2960 (ẹ̀rọ tó ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀) tí ó ní ihò wáyà 24 jìn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24. Ráútà 2901, 44. Sẹ́fà (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) oní-U 2 bíi Dell PowerEdge R710 ju 65 lọ. Kọ̀ǹpútà kékeré bíi ThinkCentre Tiny, 18 péré. Ráútà kékeré MikroTik hEX ò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, 11 sí 9. Ẹ mú èyí tó jìn jù nínú tiyín, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 lé e fún orí wáyà àti ibi tí wáyà yóò ti ṣẹ́ kọ́nà. Iye tí ẹ bá ní nìyẹn ni jíjìn INÚ ráàkì yín, láti ara irin oníhò títí dé ẹ̀yìn.

## Ṣé ráàkì gan-an lẹ nílò?

Ẹni tó ń kàwé fún ìdánwò CCNA (ìwé ẹ̀rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Cisco) nìkan ò nílò ráàkì. Packet Tracer, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bíi ráútà àti súwíìṣì gidi, ò gba kọ́bọ̀, Cisco Networking Academy ló ń fún èèyàn. Tí ẹ bá sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, GNS3 àti EVE-NG, yóò gbé ráútà púpọ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí mẹ́mórì rẹ̀ bá tó gígábáìtì 16 sókè. Mo mọ ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láì fọwọ́ kan súwíìṣì gidi rí.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ò lè kọ́ yín ni ọwọ́. Bí a ṣe ń fún orí wáyà, bí a ṣe ń tú wáyà ogún tó ti lọ́ mọ́ra wọn láìfa ẹyọ kan já, bí a ṣe ń mọ̀ pé ihò kan ti kú lára súwíìṣì, bí a ṣe ń gba ráútà tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ti sọnù padà láti ẹnu ihò kọ́ńsólù (ihò tí a ń gbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà). Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹlòmíràn yóò nílò ọwọ́ yẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ òun máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nínú ilé, òun náà nílò ibi tí yóò tò wọ́n sí dáadáa. Tí ẹ̀rọ yín ò bá ju méjì lọ, tí wọ́n sì kéré, pẹpẹ onípákó kan tó. Ẹ má tíì náwó.

## Gbangba àbí onílẹ̀kùn?

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti máa ń pọ̀ jù láàárín wa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ojú ọjọ́ wa ni yóò dá a.

Ìlérí onílẹ̀kùn ni pé eruku ò ní wọlé. Lọ́dún àkọ́kọ́, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ parí, mo ṣí kábínẹ́ẹ̀tì náà, mo sì bá eruku pupa nílẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ wo bó ṣe rí bẹ́ẹ̀: fáànù tó wà lórí ń fa ooru jáde, afẹ́fẹ́ mìíràn sì gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Ibi tí wáyà ń gbà wọlé, etí ilẹ̀kùn, gbogbo ihò kéékèèké, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà, tòun ti eruku rẹ̀. Kábínẹ́ẹ̀tì tó bá fẹ́ dí eruku lóòótọ́ gbọ́dọ̀ ní fóòmù tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ẹ sì máa fọ fóòmù náà. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ò sábà ní in.

Ooru ni ọ̀rọ̀ kejì, òun ló sì wúwo jù lójú tèmi. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ráàkì ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti iwájú, wọ́n á tú èyí tó gbóná sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn gíláàsì dúró gangan síwájú ibi tí wọ́n ti ń mí. Ní oṣù kẹta, tí yàrá fúnra rẹ̀ ti gbóná kí ẹ tó tan nǹkan kan, afẹ́fẹ́ tó ti gbóná lẹ́yìn yóò kàn yí padà wá síwájú nínú àpótí náà ni, ẹ̀rọ á sì tún máa mu ún. Ẹ tún wo èyí: nígbà tí iná bá lọ, tí UPS (àpótí bátìrì tó ń gba iṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ) sì gbé ẹ̀rọ dúró, fáànù kábínẹ́ẹ̀tì tí ẹ kì bọ ihò iná ara ògiri ti dúró nìyẹn. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ooru ń pọ̀, kò sí ohun tó ń fà á jáde. Bí ẹ bá ti ra onílẹ̀kùn tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fáànù rẹ̀ wá sórí UPS kan náà lónìí.

Ráàkì gbangba ò ní wàhálà ooru yìí. Eruku yóò bà lé e, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú yín ń rí i, ẹ ó sì fẹ́ ẹ dànù. Èmi a máa pa ẹ̀rọ, a máa gbé wọn síta, a máa fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ inú wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà ọyẹ́, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta nígbà òjò.

Ìgbà wo wá ni onílẹ̀kùn dára jù? Tí ọmọ kékeré bá wà nínú ilé. Iná pupa àti iná àwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú ò jẹ́ kí ọmọ ọdún méjì rójú sinmi. Yóò fà, yóò tẹ̀, yóò ki nǹkan bọ ihò. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, kí ẹ ra onílẹ̀kùn tí irin rẹ̀ ní ihò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi asẹ́, kì í ṣe ti gíláàsì. Ọ̀rọ̀ ọmọńlé àti eku tún wà. Ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì ti tú ráútà ọ̀rẹ́ mi kan rí tí òkú ọmọńlé wà lórí pátákó rẹ̀ níbi tí iná ń gbà wọlé. Ráàkì gbangba ò dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ èyí, ṣùgbọ́n ẹ lè fi pátákó irin pẹlẹbẹ dí gbogbo àyè tó ṣófo lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, pàápàá ojú ihò tí wọ́n ti yọ káàdì kúrò lẹ́yìn ráútà tòkunbọ̀.

Ní ti ariwo, ẹ má retí pé ilẹ̀kùn yóò gbà yín. Sẹ́fà oní-U 1 ń lo àwọn fáànù kéékèèké tó ń sáré gan-an, igbe wọn sì mú bí igbe ẹ̀fọn létí. Ilẹ̀kùn yóò dín in díẹ̀, lẹ́yìn náà ooru á pọ̀ sí i nínú àpótí, fáànù á sì sáré sí i. Ohun tó dára ni kí ẹ má ra sẹ́fà oní-U 1 sínú ilé tí èèyàn ń sùn.

## Ara ògiri àbí ilẹ̀?

Tí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lu ihò mẹ́rin ńláńlá sára ògiri rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni yóò kọ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Tí ilé bá jẹ́ tiyín, ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù ló kù. Ilé wa púpọ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníńṣì 6 tàbí 9, inú rẹ̀ sì ṣófo. Bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ihò kó lè di ògiri mú, ibi tó kún ló wà fún. Tí ẹ bá lu ihò bọ́ sí àárín búlọ́ọ̀kù, ara búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ ni bóòtù yóò máa tì, yóò sì fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Kábínẹ́ẹ̀tì kò ní já lọ́jọ́ tí ẹ gbé e kọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà síwájú.

Ẹ ṣírò ẹrù náà kí ẹ tó dá a lé ògiri: súwíìṣì 2960 ju kílò 3 lọ, ráútà 2901 tó kílò 6, UPS kékeré lè ju 10 lọ, irin kábínẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ tún ń bẹ. Kò pẹ́ tí yóò fi tó 35. Bóòtù gígùn tó gba inú ògiri kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, pẹ̀lú pátákó irin fífẹ̀ lẹ́yìn, ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Tí ẹ̀gbẹ́ kejì bá jẹ́ yàrá àlejò, ìyàwó tàbí ọkọ yín yóò ní ohun tó fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ wá òpó kọnkéré ilé, kí ẹ kọ́ ọ síbẹ̀.

Ti ara ògiri ní àǹfààní kan tí mi ò lè kó dànù: omi. Nínú ilé tí omi òjò ti máa ń wọlé, kí ẹ̀rọ wà lókè dára ju kó wà nílẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gbé ibi tí àgbàrá ti ń yà wá mọ ohun tí mo ń sọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ ti ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ gbé e lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin.

Ti ilẹ̀ kò bi ògiri ní nǹkan kan, ẹ lè fa á síwájú kí ẹ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì lè gbé e lọ nígbà tí ẹ bá ń kó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún kábínẹ́ẹ̀tì U 42 tòkunbọ̀ tí ilé iṣẹ́ ń tà nígbà tí wọ́n bá ń kó kúrò. Owó rẹ̀ máa ń dùn mọ́ èèyàn. Gíga rẹ̀ tó mítà 2, irin rẹ̀ lásán lè ju kílò 100 lọ. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yín, ẹ wọn igun àtẹ̀gùn, ẹ sì bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ó fi kún U 42 nínú yàrá kan.

## Òpó méjì àbí òpó mẹ́rin?

Òpó méjì fúyẹ́, ó rọrùn, kò sì sí ọ̀rọ̀ jíjìn rárá, torí kò ní ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ kan ń fi etí rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sára rẹ̀ ni. Fún súwíìṣì, fún pátákó tí wáyà ń parí sí, fún ráútà kékeré, ó dára gan-an. Sẹ́fà tó wúwo ni kò gbà: gbogbo ìwúwo yóò bọ́ sórí etí irin, etí yóò sì tẹ̀. Ó tún fẹ́ kí ẹ fi bóòtù kan án mọ́ ilẹ̀, ìyẹn sì túmọ̀ sí lílu táìlì.

Òpó mẹ́rin ń gbé ẹ̀rọ níwájú àti lẹ́yìn. Èyí tó dára jù nínú wọn ni èyí tí ẹ lè fa òpó ẹ̀yìn rẹ̀ sún mọ́ tàbí jìnnà. Tí ẹ bá ní ẹyọ sẹ́fà ráàkì kan ṣoṣo, tàbí tí ẹ ń ronú rẹ̀, òpó mẹ́rin ni, kò sí ọ̀rọ̀ méjì níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ó tún ràn mí lọ́wọ́ lórí òpó mẹ́rin. Ẹnu wáyà súwíìṣì 2960 wà níwájú, ti ráútà 2901 wà lẹ́yìn. Tí ẹ bá to àwọn méjèèjì bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe wọ́n, wáyà yín yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ ráàkì lọ sẹ́yìn, yóò máa bọ̀ wá síwájú. Mo yọ etí ráútà, mo gbé e sí apá kejì, mo sì kọ ẹ̀yìn ráútà síwájú. Gbogbo ẹnu wáyà wà lójú kan báyìí, wáyà tí kò tó ìdajì mítà sì ń tó.

## Íńṣì 19 àbí íńṣì 10?

Ráàkì oníńṣì 10 ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe láàbù nílé. Fífẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 254, U rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 44.45 bíi ti ńlá. DeskPi ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní RackMate: T0 jẹ́ U 4, T1 jẹ́ U 8. Ó lè jókòó sórí tábìlì ìkàwé.

Ẹ gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 19, ẹ ó rí i pé ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ju ti àyè lọ. Irú láàbù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀rọ Cisco tòkunbọ̀ ò lè wọ oníńṣì 10 láé. Kọ̀ǹpútà kékeré mẹ́ta, MikroTik kan, súwíìṣì onihò 8 kan, àwọn wọ̀nyẹn ni ilé rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ Proxmox tàbí Kubernetes (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà díẹ̀ gbé iṣẹ́ púpọ̀) tàbí MikroTik, tí kò wá ẹ̀rọ Cisco gidi, kí ló fẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà 48 ṣe?

Iná ni mo rò pé ó yẹ kó dá ẹjọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tó jókòó jẹ́jẹ́ kì í sábà jẹ tó wáàtì 20. Sẹ́fà àtijọ́ tó ní CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) méjì lè máa jẹ ju wáàtì 100 lọ láìṣe nǹkan kan. Lórí ínfátà, ìyàtọ̀ láàárín kí láàbù yín wà láàyè dé òwúrọ̀ àti kó kú kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa nìyẹn.

Àléébù rẹ̀: ẹ̀yà ara rẹ̀ ò wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Ní Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, ẹ ó rí irin, pẹpẹ àti bóòtù oníńṣì 19 láìjìnnà. Ti 10, ẹ ó ní láti ránṣẹ́ sí òkè òkun, tàbí kí ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní róbà.

Ọ̀nà kan tún wà tí kì í ṣe méjèèjì. Àwọn ará Netherlands kan ṣàkíyèsí pé àlàfo láàárín ẹsẹ̀ tábìlì Lack ti IKEA fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀rọ oníńṣì 19 mu wẹ́kú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀rọ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n sì sọ ọ́ ní LackRack. Kò sí IKEA nílé wa, ṣùgbọ́n kápẹ́ńtà wà. Ẹ ní kó ṣe tábìlì kékeré tí àlàfo ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 450, kí ẹsẹ̀ náà sì nípọn tó mílímítà 50, ní pákó líle tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa. Súwíìṣì méjì àti ráútà kan yóò jókòó síbẹ̀ láìṣe wàhálà. Ẹ má gbé sẹ́fà sí i.

## Ti ọjà àbí ti wẹ́dà?

Ráàkì tí mo ń lò báyìí, wẹ́dà kan ní Ọ̀jọ́ọ̀ ló ṣe é. U 12, òpó mẹ́rin, gbangba, jíjìn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 75, ó ní táyà kéékèèké mẹ́rin lábẹ́. Ó lágbára ju gbogbo èyí tí mo rí lọ́jà ní iye owó yẹn. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe é kó tó dára, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí tiyín lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo kọ ìwọ̀n sórí ìwé fún un. Ó gba ìwé náà, ó sì lu ihò ní àlàfo tó dọ́gba láti òkè délẹ̀, torí lójú tirẹ̀, ó dára jù bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí 15.9, 15.9, 12.7. Ẹ̀rọ onihò méjì létí lè wọ ibì kan, kó má wọ ibòmíràn. Bákan náà, nígbà tó jó irin náà tán, ooru ti fa òpó kan wọlé, àlàfo òkè jẹ́ 450, ti ìsàlẹ̀ 444. Súwíìṣì há sí àárín ọ̀nà.

Nígbà kejì, mo ra àwọn irin oníhò tí wọ́n tú kúrò lára kábínẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́. Ihò rẹ̀ ti tọ́ láti ilé iṣẹ́ wá. Férémù nìkan ni wẹ́dà ṣe, a sì fi bóòtù de irin oníhò mọ́ ọn, a ò jó o. Ìmọ̀ràn mi nìyí fún ẹnikẹ́ni: ẹ fi ohun tó gba ìwọ̀n pípé sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́, ẹ fi ohun tó gba agbára fún wẹ́dà.

Ẹ gbé súwíìṣì kan, tó ti kú tàbí tó wà láàyè, lọ sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Kó máa fi ohun gidi dán an wò. Kó kọ́kọ́ jó igun kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi téèpù wọ̀n láti igun òkè ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ òsì, lẹ́yìn náà ìdàkejì rẹ̀. Tí méjèèjì bá dọ́gba, férémù tọ́, kó jó o tán. Tí wọn ò bá dọ́gba, ó ṣì ṣeé lù bọ̀ sípò nígbà yẹn.

Ti ọjà dára ju ti wẹ́dà lọ tí ẹ bá ń kánjú, tí ẹ bá fẹ́ ilẹ̀kùn, tàbí tí ẹ kò ní àyè láti dúró ti oníṣẹ́. Ẹ má rò pé ti wẹ́dà yóò dára tí ẹ ò bá dúró tì í.

## Lójú kan náà

| Irú ráàkì | Jíjìn inú rẹ̀ | Ooru | Ẹni tó bá mu |
|---|---|---|---|
| Kábínẹ́ẹ̀tì ara ògiri, 45 láti ìta | kì í sábà tó 40 | ń pọ̀ | súwíìṣì àti MikroTik nínú ilé tí ọmọ wà |
| Òpó méjì | kò ní ààlà | kò sí wàhálà | ẹni tí kò ní sẹ́fà, tó lè lu ilẹ̀ |
| Òpó mẹ́rin gbangba | bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ | kò sí wàhálà | ẹni tó ní ráútà tòkunbọ̀ tàbí sẹ́fà |
| Oníńṣì 10 | nǹkan bíi 20 | díẹ̀ | kọ̀ǹpútà kékeré, ilé tó ń lo ínfátà |
| Tábìlì kápẹ́ńtà | bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ | kò sí wàhálà | akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ẹ̀rọ mẹ́ta |

## Iná àti ìtò inú rẹ̀

Irú ráàkì yòówù kí ẹ mú, ohun tó wúwo lọ sísàlẹ̀. UPS ló máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, sẹ́fà tẹ̀ lé e, ráútà àti súwíìṣì sókè. Bátìrì ńlá ínfátà kò sí nínú ráàkì. Ìwúwo rẹ̀ àti gáàsì tó ń tú jáde ò yẹ ibẹ̀.

Ẹ fa wáyà ẹ́átì láti ara irin ráàkì lọ sí ẹ́átì ilé, kí ẹ sì fá ọ̀dà kúrò níbi tí bóòtù rẹ̀ yóò ti kan irin, torí ọ̀dà ò jẹ́ kí iná kọjá. Tí ilé kò bá ní ẹ́átì gidi, kí ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ ṣe é kí ẹ tó tan nǹkan kan. Irin ráàkì la máa ń dì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Bóòtù àti nọ́ọ̀tì: ihò onígun mẹ́rin ń gba cage nut (nọ́ọ̀tì inú àgò irin kékeré), ti bóòtù M6 ló sì wọ́pọ̀. Ẹ ra ogójì, kì í ṣe ogún. Wọ́n máa ń já bọ́ sábẹ́ nǹkan.

## Kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú téèpù dání lọ sọ́jà. Ẹ má béèrè jíjìn lọ́wọ́ olùtajà, torí èyí tó wà lára páálí ni yóò kà fún yín, ti ìta sì ni. Ẹ ní kó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ gbé orí téèpù lé ojú irin oníhò gan-an, kí ẹ fà á títí yóò fi kan irin ẹ̀yìn. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá ti irin oníhò náà wò bóyá ó ṣeé sún síwájú, torí nínú kábínẹ́ẹ̀tì kan, sísún un ní sẹ̀ǹtímítà 5 ni yóò sọ ọ́ di èyí tó gba ráútà yín. Bí ó bá ṣeé sún, ẹ tún wọn àlàfo tó kù sí ilẹ̀kùn, kí orí wáyà tó wà níwájú má baà máa tẹ̀ nígbà tí ẹ bá pa á dé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù kan náà wọn àlàfo ọ̀tún sí òsì, lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Níbi tí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti jẹ́ mílímítà 448, tí kò tó 450, ẹ fi ráàkì náà sílẹ̀ fún un.